Ẹlúbọ́ Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Álíbọ́ọ̀mù Kù sí Ìbàdàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọmọ Nàìjíríà ń pè ní ẹrù, kó lọ dúró nítòsí sikéèlì ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ tí bàálù bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Báàgì kan gun sikéèlì, ó di kílò 27. 23 ni bàálù gbà. Wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èrò. Ìyá ń fa ẹlúbọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé jáde, àbúrò ń wá àlàfo tí yóò ki gàrí bọ̀ nínú báàgì kejì, ẹni tó ń lọ gan-an gbá ìkòkò méjì mọ́ àyà, kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí. Ni ẹnì kan bá sọ pé, "Mọ́mì, ìwé ló wúwo jù, ẹ yọ ìwé." Wọ́n yọ ìwé. Ẹlúbọ́ padà sínú báàgì.

Ìpinnu yẹn kì í ṣe ti ìdílé kan ṣoṣo. Inú èrò tó gbòde láàárín àwọn tó ń jápa ló ti jáde, èrò náà sì ní apá méjì. Apá kìíní ní ohun gbogbo ló wọ́n lọ́hùn-ún, nítorí náà kí èèyàn ra oúnjẹ, ìkòkò, búláńkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ òtútù níbí, kó dì wọ́n lọ. Apá kejì ní kò sí ohun tí kò sí lọ́hùn-ún, nítorí náà kó ta gbogbo ohun tó kù, kó gbé e sójú WhatsApp, kó fi èyí tí kò bá tà ta mọ̀lẹ́bí lọ́rẹ. Ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì. Kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ibi tí kò sí ohun tí kò sí, kí la tún ń ru gàrí lọ ṣe níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń já sí ni pé ohun tó wà lórí àtẹ ní gbogbo ìlú ńlá òkè òkun ló ń kún báàgì, ohun tí kò sí lórí àtẹ kankan láyé ló ń kù sílé. Bí ẹrù bá kéré, yálà inú bàálù ló wà tàbí inú kágò, òdìkejì èyí ló yẹ kó jẹ́.

A ò gbọ́dọ̀ fi èrò náà ṣe yẹ̀yẹ́ o, torí ó ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tí kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní báńkì ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Owó ìlera tí Bírítéènì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ fíísà di pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún kan láti oṣù kejì ọdún 2024, ó jẹ́ 776 fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún tí fíísà náà yóò fi wà. Ẹni tó ti san èyí tán, tó wá rí ìkòkò olówó pọ́n-ùn 20, tó sì ṣẹ́ ẹ sí náírà lọ́kàn, àyà rẹ̀ á já. Àmọ́ àyà jíjá kì í ṣe ìṣirò.

Ìṣirò náà rèé. Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń ná Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ń gba báàgì méjì lọ́wọ́ èrò kan, kílò 23 lọ́kọ̀ọ̀kan, kílò 46 lápapọ̀. Tẹ́lẹ̀, tọkọtaya tó bá kó ọmọ mẹ́ta dání lè pín ẹrù sínú báàgì mẹ́wàá. Ìyẹn ti ń di ìtàn. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, Bírítéènì kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ mástà kó aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n fi irú òfin yẹn de àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lọ báyìí, kílò 46 sì ni gbogbo àyè tó ní. Ká ní ó di ẹlúbọ́ kílò 10, gàrí kílò 10, ẹ̀gúsí àti ata gígún kílò 5, ìkòkò méjì tó jẹ́ kílò 4, búláńkẹ́ẹ̀tì kílò 3. Báàgì méjèèjì fúnra wọn, láìtíì fi nǹkan kan sínú wọn, lè tó kílò 7. Kílò 7 péré ló kù fún aṣọ, bàtà, ìwé àti gbogbo ohun tí èèyàn fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ.

Kí ló wá rà pẹ̀lú àyè tó ná yẹn? Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Rye Lane ní Peckham, tàbí tó wọ ọjà Ridley Road ní Dalston, á rí ẹlúbọ́, gàrí, irú, ẹ̀gúsí, ewédú àti epo pupa. Ní Houston, àdúgbò Bissonnet kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ oúnjẹ Nàìjíríà. Wọ́n wọ́n ju ti ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn lọ, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n gàrí kílò 10 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jẹ títí ayé. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti tán, ẹni tó rù ú dé ibẹ̀ á sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Peckham bíi ti ẹni tí kò ru ohunkóhun. Gbogbo èrè tó jẹ lórí rẹ̀ kò ju ìyàtọ̀ owó àpò gàrí kan ṣoṣo lọ. Nítorí ìyàtọ̀ yẹn ló ṣe fi ìwé sílẹ̀.

Oúnjẹ náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀ níbodè. Bírítéènì kò gbà kí èrò tó ti Nàìjíríà dé kó ẹran tàbí wàrà wọlé, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ fún jíjẹ ara rẹ̀. Kìlíṣí, ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, wàrà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á gbà tí wọ́n á sì dà nù. Ẹja gbígbẹ ló rí àyè wọlé, wọ́n sì ti fún un ní òṣùwọ̀n kílò 20. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà láti ọdún 2015, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Kí bàálù tó gbéra ní Ìkẹjà gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti egbòogi olóró, a máa tú ẹrù oúnjẹ wò fínnífínní, torí léraléra ni wọ́n ti ń bá egbòogi olóró tí wọ́n rì mọ́ inú gàrí, edé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba "nǹkan kékeré" tí aládùúgbò ní kó bá òun gbé fún ọmọ òun, tó sì ki í mọ́ àárín ẹlúbọ́ tirẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́.

Ti ohun èlò iná ńkọ́? Ìlú tí èèyàn ń lọ ló ń sọ ìyẹn. Iná Nàìjíríà àti ti Bírítéènì jọ jẹ́ fóltì 230, 50 hertz, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni wọ́n sì ń lò. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná ní Àkúrẹ́ á gbóná ní Leeds. Fóltì 120, 60 hertz ni Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò. Bílẹ́ńdà tí wọ́n gbé láti Ìlọrin dé Toronto á máa yí gbọ̀ọ́gbọ̀ọ́ ni, kò ní lọ ata kúnná. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Leeds pàápàá, irú rẹ̀ kún ilé ìtajà àlòkù àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní gbogbo ìgboro níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ti ibẹ̀ wá sí ọjà wa ní tòkúnbọ̀; àwa tún ń fi owó ẹrù rù wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá.

Àwọn mìíràn á ní kò kan báàgì bàálù, kágò lọ̀rọ̀ kàn. Kágò dára. Àṣìṣe àwọn tó ń fi búláńkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ òtútù kún inú rẹ̀ ni pé wọ́n rò pé ìwọ̀n nìkan làwọn ń sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ mú paálí kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ 50. Ilé iṣẹ́ tó ń fi bàálù gbé ẹrù á sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 150,000. Wọ́n á wá fi 5,000 tàbí 6,000 pín in, bí ìlànà wọn bá ṣe rí. Èsì rẹ̀ ni kílò 30 tàbí 25. Bí èyí bá ju ohun tí sikéèlì sọ lọ, òun ni wọ́n á gbowó lé. Ẹni tó di búláńkẹ́ẹ̀tì kílò 6 sínú paálí yẹn lè sanwó kílò 30. Kílò 24 nínú owó rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló fi rà. Bó bá jẹ́ ìwé àti aṣọ òkè ló dì sínú rẹ̀ títí tó fi wọn kílò 30, owó kan náà ni ì bá san.

Ti ọkọ̀ ojú omi rọjú díẹ̀, àmọ́ ó ní ìkọ́sẹ̀ tirẹ̀. Mítà onígun ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ni kì í sì í gba owó tó kéré sí ti mítà onígun kan. Mẹ́fà nínú paálí tí a wí yẹn kò tíì kún un. Owó tí wọ́n san ní Àpápá náà kọ́ ni òpin: bí ẹrù bá dé Tilbury tàbí Felixstowe, owó èbúté wà níbẹ̀, owó ẹni tí yóò bá kọ́sítọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé wà níbẹ̀. Ẹrù kékeré kò lè fara da gbogbo owó wọ̀nyí àfi bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọn kò lè fi owó yẹn rà lọ́hùn-ún.

Ó tún ku ibi tó yani lẹ́nu jù, ìyẹn owó-orí. Bírítéènì ní ìdáríjì owó-orí fún ẹrù ẹni tó ń ṣí wá gbé ibẹ̀, tó bá ti gbé ìlú mìíràn fún oṣù 12 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹrù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti ń lò, fún oṣù mẹ́fà kó tó kúrò nílé. Kò sì gbọ́dọ̀ tà á tàbí kó yá ẹlòmíràn títí oṣù 12 lẹ́yìn tó dé. Amẹ́ríkà kì í gba owó-orí lórí ohun èlò ilé tí wọ́n ti lò fún ọdún kan lókè òkun. Kánádà ní kó jẹ́ ohun tí èèyàn ti ní tó sì ti lò kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi ojú òfin wọ̀nyí wo ẹrù wa. Ìkòkò tuntun tí wọ́n rà ní ọjà Balógun lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó tún wà nínú paálí rẹ̀, kò sí lábẹ́ ọ̀kankan nínú ìdáríjì wọ̀nyí. Agbádá tí wọ́n ti ń wọ̀ fún ogún ọdún wà lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́sítọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló fọwọ́ sí i pé kí èèyàn gbé àlòkù rẹ̀ dání, àwa là ń tà á lójú WhatsApp.

Kí ló wá yẹ kó wà nínú ẹrù? Ìwé ni àkọ́kọ́, àpò ọwọ́ ni wọ́n sì ń gbé e sí, kì í ṣe kágò: ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gan-an, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé láti ibi iṣẹ́ àtijọ́, ìwé ojú tí dókítà kọ, káàdì àjẹsára àwọn ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ń béèrè àkọsílẹ̀ àjẹsára kí ọmọ tó wọlé; ọmọ tí káàdì rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ kan ní Òṣogbo lè gba àwọn abẹ́rẹ́ kan lẹ́ẹ̀kejì.

Irinṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Òfin Amẹ́ríkà dá irinṣẹ́ àti ìwé iṣẹ́ ẹni tó ń ṣí wá síbẹ̀ sí lọ́wọ́ owó-orí. Ti Bírítéènì náà ní àyè fún irinṣẹ́ tí ọwọ́ lè gbé. Aránṣọ tó ń lọ sí Manchester kò nílò ẹ̀rọ ìránṣọ láti ilé, ẹ̀rọ kún ibẹ̀. Ohun tó nílò ni sísọ́ọ̀sì tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwé tó ti ya bí wọ́n ṣe ń gé agbádá àti bùbá sí, àti aṣọ mẹ́ta mẹ́rin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọnà sí lọ́rùn, tí oníbàárà lè fọwọ́ pa wò. Òwàḿbẹ̀ kì í wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé. Kílò mẹ́ta irinṣẹ́ yẹn lè pa owó tí yóò ra gàrí fún ọdún kan. Ẹ̀rí rèé fún àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ ẹni tí ebi ò pa.

Aṣọ òkè ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń ta aṣọ òkè ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n sányán gidi, tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun ní Ìsẹ́yìn, tí ìyá fi ṣe ìyàwó, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ìwé Yorùbá náà kò gbọ́dọ̀ kù sílé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Leeds, tí òbí rẹ̀ fẹ́ kó mọ a-b-d, Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ tí wọ́n yọ kúrò nínú báàgì ní Ìkẹjà ni ì bá kà. Bí ère àtijọ́ bá wà nínú ẹrù ìdílé, ìyẹn gba ìṣọ́ra: òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCMM, àjọ tó ń bójú tó ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

"Fọ́tò? A ti yà wọ́n sínú fóònù." Ìdáhùn tó máa ń yá jù nìyẹn. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́ wọ̀nyẹn, ẹ yọ fọ́tò kan kúrò lábẹ́ ọ̀rá rẹ̀, ẹ dà á dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi bíróò kọ ọ̀rọ̀ sí: orúkọ ẹni tó dúró lápá òsì, ọjọ́ ìkómọjáde, òǹtẹ̀ ayàwòrán àti àdúgbò rẹ̀. Ojú fọ́tò ni àwọn èèyàn ń yà sínú fóònù. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í wọ ibẹ̀, ẹni tó sì lè sọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ń dàgbà.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ gba orí òkun, ó sì ní ìgbà kan tí wọ́n mọ ẹrù í dì jù báyìí lọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọkọ̀ òwò ń ná Èkó sí Bàhíà ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú àti àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn pọ̀ sí. Aṣọ òkè, obì, orógbó àti ọṣẹ dúdú wà lára ohun tí àwọn ọkọ̀ náà ń kó lọ. Wọn kò ní í ru gàrí lọ síbẹ̀: ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni gbàgúdá ti wá, àwọn ará Pọtogí ló gbé e dé Áfíríkà, àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil sì wà lára àwọn tó tan gàrí yíyan kálẹ̀ ní etíkun wa. Ohun tí ilẹ̀ ọ̀hún kò ní ni àwọn oníṣòwò ń gbé lọ, torí òun nìkan ló lè pa owó ọkọ̀ padà.

Àwọn Àgùdà fúnra wọn, nígbà tí wọ́n padà sí Èkó, iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà tí wọ́n gbé bọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi di ẹni ńlá. João Baptista da Costa, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tó ṣì dúró ní Èkó dòní.

Ó ku ẹjọ́ méjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àlejò kò mọ ọ̀nà ọjà lọ́sẹ̀ tó bá dé, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun. Òótọ́ ni. Gàrí kílò méjì, ata gígún díẹ̀ àti irú tó gbẹ dáadáa tó fún ìyẹn. Ìkejì ni pé yàrá tí yóò gbé lè kéré, ó sì lè kó kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọdún tó yí, nítorí náà kó fi nǹkan iyebíye sílẹ̀ ná, "a ó fi ránṣẹ́ tó bá yá."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹrù ń kú sí. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi í sọ́dọ̀ rẹ̀ á kó kúrò nílé, onílé á kó iyàrá ẹ̀yìn dànù, òjò á wọ inú paálí, eku á rí álíbọ́ọ̀mù. Àní bí kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, òfin kò ní dúró deni. Oṣù 12 ni Bírítéènì fún ẹni tó ṣí dé kó fi kó ẹrù tó kù wọlé lábẹ́ ìdáríjì. Ẹni tó gúnlẹ̀ sí Heathrow ní oṣù kẹsàn-án ní títí di oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ kí ẹrù tó dé. Ní Kánádà, ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ wọ ìlú náà ló ń fi àkọsílẹ̀ ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn lé òṣìṣẹ́ ibodè lọ́wọ́. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn lè gba owó-orí nígbà tó bá dé. Nítorí náà, kí wọ́n tó lọ sí Bódìjà ra ẹlúbọ́ ló yẹ kí wọ́n di paálí nǹkan iyebíye yẹn, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ̀dà kan wà nínú àpò ìwé ìrìnnà, kí èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ oníkágò. Oṣù tí yóò gbé e lọ náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀hún.